Bàbá Olóòtú Jọ́nà Ìgbín

Kò sí ẹni tó mọ olóògbé Dókítà Ajíbádé tí kò mọ̀ nípa ìdájí ọjọ́ tí wọ́n lọ túfọ̀ ní Adégbàyí. Bí èèyàn méjì bá ti dárúkọ Bàbá báyìí, ọ̀kan á ti máa rẹ́rìn-ín kí èkejì tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ tán níbí, ká lè ráyè fún ìyókù.

Dókítà Ajíbádé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóòtú, ló dá Jọ́nà Ìmọ̀ Ìgbín sílẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Jọ́nà ni ìwé tí àwọn onímọ̀ máa ń tẹ àbájáde ìwádìí wọn sí. Nínú ti Bàbá yìí, ọ̀rọ̀ ìgbín nìkan lẹ máa rí: ohun tí ìgbín ń jẹ, bó ṣe ń sùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí tí ìkarahun ẹ̀ fi ń sán. Àwọn tó ń fi ìgbín ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀. Bí gbogbo wọn bá wọ bọ́ọ̀sì kan, àyè á ṣẹ́ kù fún ẹrù. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ ìyàwó ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tó bá ẹni jà ní àpérò èṣí. Lọ́dọ̀ àwọn jọ́nà ńlá, bí àpilẹ̀kọ rẹ ò bá dáa tó, wọ́n á kàn kọ lẹ́tà sí ọ pé àwọn ò gbà á. Bàbá ní ìwà ọ̀dájú nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó fi ọdún kan gbáko tọ́ àpilẹ̀kọ dàgbà, èèyàn ò gbọdọ̀ fi ímeèlì já a láyà. Àfi kéèyàn lọ bá a nílé ní ìdájí, pẹ̀lú àgbàlagbà kan, kó fi sùúrù sọ ọ́ fún un bí wọ́n ti ń túfọ̀ òkú.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Roheem, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń gbé Adégbàyí, kọ àpilẹ̀kọ lórí bí ewé ìbẹ́pẹ ṣe ń mú ìgbín sanra. Àwọn onímọ̀ ìgbín tí Bàbá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní kò dáa tó. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n ké sí aládùúgbò wọn, Bàbá Ìyàndá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò mọ nǹkan kan nípa ìgbín ju kí wọ́n dín in lọ. Wọ́n ní kí Mùjíbátù náà tẹ̀ lé àwọn. Mùjíbátù ni igbákejì olóòtú. Gbogbo iṣẹ́ tí Bàbá bá ti sọ pé àwọn fẹ́ ṣe, òun ló ń ṣe é.

Muhsinah, ìyàwó Roheem, ń gbálẹ̀ iwájú ilé lọ́wọ́ nígbà tó rí àgbàlagbà méjì nínú aṣọ funfun, tí wọ́n fajú ro, tí obìnrin kan sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ṣé kò sí?"

"A dúpẹ́, ìyàwó wa," ni Bàbá dáhùn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ọkọ rẹ ńkọ́? Bá wa jí i. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ìwọ náà kọ́kọ́ jókòó ná. Má pariwo o."

Ẹni tí wọ́n bá ní kó má pariwo ní ìdájí, kí ló kù tó máa ṣe? Muhsinah ju ìgbálẹ̀ nù, ó káwọ́ lérí. Ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn ní Lálùpọn, ibẹ̀ ni ọkàn ẹ̀ lọ tààrà. "Yéè! Ìyá mi o! Ẹ gbà mí o!" Ká tó wí ká tó fọ̀, àdúgbò ti kún. Ẹnì kan ń di Muhsinah mú, ẹnì kan ń bu omi sí i lórí. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í fi ìsìnkú falẹ̀. Bàbá onílé ti wọlé lọ gbé ṣọ́bìrì.

Roheem sáré jáde, aṣọ ìnura ló ró mọ́dìí. "Bàbá! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Roheem, jókòó."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́. Màá dúró gbọ́ ọ."

Bàbá gbá a lọ́wọ́ mú. "Ayé yìí, kì í rí bá a ṣe fẹ́ nígbà mìíràn. Gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe la ṣe. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò."

"Ta ni, Bàbá? Ta ni?"

"Àpilẹ̀kọ rẹ ni. Ti ewé ìbẹ́pẹ. Jọ́nà ò gbà á."

Roheem wo Bàbá, ó wo Bàbá Ìyàndá tó ń mi orí tìkáàánútìkáàánú, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yẹ̀pẹ̀. "Alhamdulilaahi! Ẹ ṣeun, Bàbá! Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa!" Gbogbo àdúgbò náà dá a lóhùn pé Alhamdulilaahi. Muhsinah ń nu omijé, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì. Kò tíì sí òǹkọ̀wé kankan láyé yìí tí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ pé wọn ò gba iṣẹ́ òun. Bàbá onílé nìkan ló ń kùn. Ó ní òun ti ránṣẹ́ pe lèmọ́mù.

Nígbà tí wọ́n sin Bàbá Olóòtú fúnra wọn ní Ẹgbẹ́dá lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, gbogbo ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló sọ ìtàn yìí. Mùjíbátù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò tú ká, tó padà sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé Bàbá tí wọ́n ń pè ní ọ́fíìsì jọ́nà, ẹ̀rín náà dá.

Ó rẹ Mùjíbátù. Ká má parọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí Bàbá tó kú. Láàárọ̀, á lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níléèwé. Lọ́sàn-án, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ẹgbẹ́dá, á jókòó sínú ooru, á máa kọ ímeèlì sáwọn tí kò ní í dáhùn. Bí iná bá wà, íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní í sí. Bí méjèèjì bá wà, kò sí àpilẹ̀kọ. Ta ló sì máa fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́? Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ ọ́ gbangba pé jọ́nà òkè òkun làwọn ń kà sí. Ẹni tó bá tẹ iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní Ẹgbẹ́dá, bí ẹni tó fi pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn ló rí. Ìgbín tó wà nínú igbó Ọ̀nà Àrà níbí, àfi kéèyàn lọ ròyìn ẹ̀ fún òyìnbó kí wọ́n tó gbà pé ó rí i.

Òfin Bàbá ni pé jọ́nà ò gbọdọ̀ jáde bí àpilẹ̀kọ inú ẹ̀ ò bá pé mẹ́rin. Mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti Ayọ̀mikún, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gba oyè dókítà, àpilẹ̀kọ náà sì ti wà lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní ní Ṣáṣá láti oṣù mélòó kan, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpére, ìgbín kékeré yẹn, ni Ayọ̀mikún kọ̀wé lé lórí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní nìkan ló sì kù tó mọ ìpére débi tí wọ́n fi lè sọ pé irọ́ ni tàbí òótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní ò gbé fóònù. Wọn ò dáhùn ímeèlì.

Lọ́jọ́ Ajé ni Ayọ̀mikún pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Tó bá di Jímọ̀ tí kò sí èsì, mo fẹ́ gba àpilẹ̀kọ mi padà. Mo nílò ẹ̀ kí n tó lè parí ẹ̀kọ́ mi. Jọ́nà òkè òkun kan ní àwọn á gbé e jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan? Ta ló máa kà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan?"

"Wọn ò sọ pé àwọn máa kà á, mà. Wọ́n ní àwọn máa gbé e jáde ni."

Mùjíbátù ò lè bá ọmọ náà wí. Ohun tó tọ́ sí i ló ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá gba tiẹ̀ lọ, jọ́nà ò ní í jáde lọ́dún yìí, bí kò bá sì jáde lọ́dún yìí tí Bàbá kú, ó tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jí i dìde mọ́. Nínú ọkàn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn kékeré kan ń sọ fún un pé kó jẹ́ kó tán. Á ráyè sùn. Á ráyè bá àwọn ọmọ ẹ̀ jẹun. Ojú ohùn yẹn tì í, ṣùgbọ́n kò lé e lọ.

Bàbá ò fẹ́ràn àwọn jọ́nà kánmọ́kánmọ́ yẹn rárá. Ọ̀kan nínú wọn kọ ímeèlì sí wọn nígbà kan, ó pè wọ́n ní ògbóǹkangí ọ̀mọ̀wé, ó ní kí wọ́n wá ṣe olóòtú jọ́nà iṣẹ́ abẹ ọkàn. Bàbá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ìka kan tẹ èsì: "Ẹ ṣeun. Ọkàn ìgbín nìkan ni mo mọ̀. Mi ò tíì ṣí ti èèyàn wò rí, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n." Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé: "A kí yín kú oríire. A ti fi yín ṣe olóòtú àgbà." Láti ọjọ́ yẹn, bí Bàbá bá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á kọ́kọ́ bi dókítà pé jọ́nà wo ló ń kà.

Ti ilé ìkàwé tún ńkọ́? Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé wọ́n ń ka iye ẹni tó ń ka jọ́nà kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó wúlò, wọ́n gbéra lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì kan, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé Jọ́nà Ìmọ̀ Ìgbín wá. Wọ́n jókòó sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe: "Háà! Ìmọ̀ rèé o! Ta ló kọ èyí?" Àwọn tó ń sùn jí. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé sún mọ́ wọn, ó fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe fọ́tò yín ló wà lẹ́yìn ìwé yìí?" Bàbá yí ìwé náà padà, wọ́n wò ó dáadáa. "Ó jọ mí, àbí?" ni wọ́n wí. "Ọkùnrin náà rẹwà."

Ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan ni òfin ìdájí Bàbá ń mú o. Ó mú àwọn náà. Lọ́dún kan, wọ́n kọ àpilẹ̀kọ tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé olóòtú ń ṣe ojúsàájú fún ara ẹ̀, wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lórí ẹ̀, wọ́n ní kí Mùjíbátù fi ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tí a ò mọ̀. Orúkọ kúrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kan tí ẹ ò ní í rí "gẹ́gẹ́ bí Ajíbádé ti fi hàn," "Ajíbádé nìkan ló tíì ṣàlàyé èyí tó yéni," "ẹ tún wo Ajíbádé." Àjàní àti Bàbá ti jọ ń ṣa ìgbín nínú igbó Lágelú láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti jà tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rántí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ mọ́. Àjàní mọ ẹni tó kọ ọ́ kí wọ́n tó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ tán. Èsì tí wọ́n kọ rèé: "Òǹkọ̀wé yìí gbára lé Ajíbádé jù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó lọ wá ẹni gidi kà."

Mùjíbátù ka èsì yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ẹ̀yìn náà ló wá rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún òǹkọ̀wé. Ni òun àti Bàbá Ìyàndá bá lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá ní ìdájí. Nígbà tí Bàbá rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, àyà wọn já. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Àjàní ni, àbí?" ni wọ́n béèrè. "Àjàní ti kú."

"Rárá sà," ni Mùjíbátù yára dáhùn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n wà láàyè."

"Ta ló wá kú?"

"Ẹ jókòó ná, Olóòtú," ni Bàbá Ìyàndá wí.

"Àpilẹ̀kọ yín ni sà," ni Mùjíbátù sọ, ó na lẹ́tà sí wọn. "Jọ́nà ò gbà á."

"Jọ́nà wo?"

"Jọ́nà yín sà."

"Olóòtú wo ló buwọ́ lu lẹ́tà náà?"

"Ẹ̀yin náà ni sà. Ẹ ti buwọ́ lù wọ́n sílẹ̀ lọ́pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìkà ni olóòtú yẹn." Wọn ò dé ọ́fíìsì títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Wọ́n ní àwọn àti olóòtú ò fẹ́ rí ojú ara wọn.

Síbẹ̀, ohun tó ń fìyà jẹ irú jọ́nà kékeré bẹ́ẹ̀ jù ni àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ tiwọn gan-an ti pọ̀ jù. Bí àpilẹ̀kọ bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó di àwátì. Ti Àjàní ló burú jù, Bàbá sì dá ọgbọ́n kan sí i. Wọn ò ní í pè, wọn ò ní í kọ̀wé. Ṣe ni wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Ṣáṣá, wọ́n á gba àárín àwọn tó ń já ẹrù tòmátì àti ata lọ́jà kọjá, wọ́n á wọ pálọ̀ Àjàní, wọ́n á jókòó.

"Ajíbádé, kí lo wá ṣe?"

"Mo wá kí ọ ni."

"O kí mi lánàá."

"Ọ̀nà tí mo gbà kí ọ lánàá ò tẹ́ mi lọ́rùn."

Àjàní á lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dé, wọ́n á bá Bàbá nínú pálọ̀. Alhaja, ìyàwó Àjàní, á gbé oúnjẹ wá, Bàbá á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní ẹran tòní rọ̀ ju ti àná lọ. Nígbà tó yá, Bàbá ni Alhaja ń bi pé kí lòun máa sè lọ́la. Àlejò kan tiẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, Bàbá ló fún un ní àga, Bàbá ló bu omi fún un, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tó yẹ kí wọ́n fi kun ilé náà. Nígbà tí àlejò ń lọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní fún ìtọ́jú. Bàbá ní kò tọ́pẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti sú Àjàní pátápátá ni wọ́n á ju èsì sí Bàbá lára: "Gbà, jẹ́ kí n rí pálọ̀ mi lò!"

Àpilẹ̀kọ Ayọ̀mikún wà ní Ṣáṣá nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Wọn ò lè lọ jókòó mọ́. Nígbà tí wọ́n kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní wá síbi ìsìnkú, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mùjíbátù wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣáṣá. Kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti pinnu. Á gba àpilẹ̀kọ náà bí wọn ò tiẹ̀ kà á, á dá a padà fún ọmọ ọlọ́mọ, á sì sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní pé jọ́nà ti parí. Ó ń tún gbólóhùn náà sọ lábẹ́ ẹnu ní gbogbo ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti pa jọ́nà tì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti pa jọ́nà tì." Ẹni tó jókòó tì í ń wò ó pẹ̀lú àánú.

Nínú pálọ̀ ló ti bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní. Wọ́n ti gbẹ ju bó ṣe rí wọn níbi ìsìnkú.

"Ẹ kú ilé sà," ni Mùjíbátù wí, ó kúnlẹ̀.

"Mùjíbátù. O ò tètè wá."

"Sà?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni mo ti ń retí ẹ. Dìde, jókòó."

"Mi ò ní í pẹ́ sà. Àpilẹ̀kọ Ayọ̀mikún ni mo wá gbà. Ẹ má wulẹ̀ dààmú láti kà á mọ́. Jọ́nà…"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní dìde, wọ́n gbé tìmùtìmù àga wọn sókè, wọ́n sì fa àpilẹ̀kọ náà yọ lábẹ́ ẹ̀. Báírò pupa ti kún gbogbo etí ìwé náà. Èsì wà níwájú ẹ̀, wọ́n ti fi píìnì so ó mọ́ ọn.

"Ẹ ti kà á?"

"Ọ̀sẹ̀ tó dé ọwọ́ mi ni mo kà á tán."

Inú bí Mùjíbátù. Kò gbé ohùn sókè sí àgbàlagbà rí, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn. "Kí ló wá dé sà? Ọmọ yẹn ń dúró! Èmi ń pè, ẹ ò gbé e. Mo kọ ímeèlì títí ọwọ́ fi dùn mí. Bàbá wà lórí àìsàn, wọ́n ń béèrè ẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n kú láì rí i, ẹ̀yin sì jókòó lé e!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní ò bínú. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Bí mo bá dá a padà," ni wọ́n wí, "kí ló tún máa gbé Ajíbádé wá sí Ṣáṣá?"

Mùjíbátù rọra jókòó.

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ìgbín mọ́. Alhaja, bí mo bá dárúkọ ìgbín fún un, á ní kí n mú un wá kóun fi ata sí i. Ajíbádé nìkan ló kù. Bí àpilẹ̀kọ bá sì ti wà lọ́wọ́ mi, á wá. Á jókòó, á máa bú mi, èmi náà á máa bú u. Gbogbo àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ ti ń gbé wá látọjọ́ yìí, mo máa ń kà wọ́n lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá dé. Mo kàn máa ń tọ́jú wọn pa mọ́ ni."

"Bàbá ò wá mọ̀, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó pè mí láti ilé ìwòsàn. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, 'Àjàní, mo mọ̀ pé o ti kà á o. Má tíì fún wọn. Bí ara mi bá yá, màá wá jókòó.'" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mi ò wá mọ ẹni tí mo lè fún mọ́."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Mùjíbátù. Gbogbo oṣù tó fi jókòó sínú ooru tó ń kọ ímeèlì, gbogbo owó káàdì fóònù, gbogbo oorun tó pàdánù, àgbàlagbà méjì ń fi jọ́nà bá ara wọn ṣeré! "Ẹ̀yin bàbá yìí!" ló ń pariwo. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ pa mí!" Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àyà wọn ń mì. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi di ẹkún lójú Mùjíbátù, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró. Alhaja tó gbé oúnjẹ wọlé gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ka èsì náà, ó sì pe Ayọ̀mikún.

"Èsì rẹ ti dé."

"Háà! Ṣé wọ́n gbà á, mà?"

"Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wàá tún orí kẹta kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní o ka àwọn ìpére tó ti kú mọ́ àwọn tó wà láàyè."

"Mà," ni ọmọ náà wí, "wọ́n kà á débi tí wọ́n fi rí ìyẹn? Kò sẹ́ni tó rí i rí. Ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi gan-an ò rí i."

"Wọ́n kà á."

"Màá tún un kọ, mà. Mi ò ní í gbà á padà mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé jọ́nà yẹn ṣì wà? Àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti bá Bàbá lọ."

Mùjíbátù wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní. Wọ́n ń ṣe bí ẹni ń nu awò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti dúró. Gbólóhùn tó ti ń tún sọ nínú bọ́ọ̀sì, kò rí i mọ́ lẹ́nu ara ẹ̀.

"Ó wà," ló wí. "Lọ kọ orí kẹta rẹ."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́. Iná ò tíì dé sí Ẹgbẹ́dá, àwọn ìgbìmọ̀ ò tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà, ẹ̀yìn ń dùn ún. Àárò Bàbá ń sọ ọ́ gan-an, ó sì rí i lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó ń sọ àwọn náà.

"Ọ̀kan tún wà nílé sà," ló wí. "Lórí ìṣáwùrú inú omi."

"Má fi ímeèlì ránṣẹ́ o."

"Màá mú un wá fúnra mi sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní gbé awò wọn padà sójú. "Ó lè pẹ́ o," ni wọ́n wí, "kí n tó kà á tán."

"Kò sí wàhálà sà," ni Mùjíbátù dáhùn, ó sì fa abọ́ oúnjẹ sọ́dọ̀. "Màá máa wá jókòó."